Ta Ló Kù Tí Ó Ń Ṣọ́ Igi Ojúde?

Bí àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró ní Ẹdẹ, tí oṣù Bélú wọlé, ìró ayùn elénjìnnì a bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ a máa wá láti apá Òkè-Gada, nírọ̀lẹ́ a máa wá láti ẹ̀yìn ojú irin. Máńgòrò ilé kan lónìí, dóńgóyárò ilé kejì lọ́la, fúrúùtù tí àwọn ọmọ iléèwé ń ṣa èso rẹ̀ lọ́tùn-unla. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtì ti wà nílẹ̀ ní gígékúgèé, oòrùn tí kò dé ojúde yẹn rí sì ti ń jó ògiri.

Mi ò bínú sí àwọn tó ń gé e. Ìdí tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́: ẹ̀ka ti gùn lé òrùlé, gbòǹgbò ń wá ọ̀nà lọ sídìí sọ́kàwéè, ìjì oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá sì ti já wọn láyà. Ohun tí èmi ń rò ni ti àwọn ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ẹ̀ka náà kò ju ọrùn ọwọ́ lọ, tí ayùn ọwọ́ kan àti ìdajì wákàtí ì bá ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà. Ọmọ la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ igi dáadáa. Ọgbẹ́ kékeré lára igi a máa san: èèpo á rọra ká a mọ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pàdé. Ọgbẹ́ ńlá kì í tètè pàdé. Omi á máa wọ̀ ọ́, á jẹrà, ikán á gba ibẹ̀ wọnú. Ẹbọ tí òwe náà ń wí, gbogbo onílé ló mọ iye rẹ̀ báyìí: owó alayùn, owó páànù, owó ọkọ̀ tí yóò kó ìtì lọ.

Ẹ̀rù ló ń bá àwọn baba wa ṣọ́ igi. Ìrókò tí wọ́n ró láṣọ funfun, ta ni yóò gbé àáké sún mọ́ ọn? Àkòko kì í ṣe igi tí èèyàn kàn ń gé dáná, nítorí ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè. Pèrègún ni ẹlẹ́rìí ààlà ilẹ̀, ẹni bá fà á tu ti dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹdẹ ni ibi tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná; igi tí àrá bá sán pa níbí ní ìtàn tirẹ̀. Níbí náà ni Susanne Wenger, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, kí ó tó di ará Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tó gbèjà rẹ̀ títí tó fi kú ní 2009 ṣì wà lórí ilẹ̀ bíi hẹ́kítà 75. UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Odò tó gba àárín àwọn igi wọ̀nyẹn kọjá ni ó ń ṣàn wá bá wa ní Ẹdẹ.

Lónìí, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, Kìrìsìtẹ́nì náà kò kéré, ẹ̀rù ìrókò sì ti kúrò lára ọ̀pọ̀ èèyàn. N kò pè é padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ẹ̀rù jáde, a kò fi nǹkan kan dí ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ Ànọ́bì wà nílẹ̀ pé ẹni tó bá gbin igi, tí èèyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Àlùfáà ń sọ ọ́, a ń ṣe àmín sí i. Ta ló wá ń wo igi náà láti ọdún dé ọdún?

Nítorí igi ilé fẹ́ kí a máa wo òun. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù, nígbà tí ewé púpọ̀ ti rẹ̀, tí ojú lè rí inú igi. Ìgbà yẹn ni afòmọ́ máa ń hàn kedere, nítorí òun nìkan ni ara rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ lórí igi tó ń gbẹ. Mo ti dúró wo ọ̀kan lára ọsàn pẹ́ títí. Ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó nu ẹnu sára ẹ̀ka, ó fò lọ. Kóró yẹn á hù níbi tó lẹ̀ mọ́, á ti ẹnu rẹ̀ gún èèpo, á sì máa fa omi tí igi fi ipá mú wá látinú ilẹ̀. Ibi tí ó ti wọlé a máa wú kókó. Afòmọ́ kò lẹ́gbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹni tó bá kàn fà á já kò tíì ṣe nǹkan kan, torí ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran igi, yóò tún hù. Ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ la ó gé, kí a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kókó náà, kí ó tó tún so èso fún ẹyẹ mìíràn.

Gígé náà ní ọ̀nà. Bí a bá fi ayùn lé ẹ̀ka ńlá láti òkè nìkan, kí ayùn tó dé ìsàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á ti fà á já, á sì bó èèpo ara igi wálẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ka la ó kọ́kọ́ ré díẹ̀, ní ibi tó jìnnà sí ara igi. Lẹ́yìn náà ni a ó gé e láti òkè kí ó já bọ́. Kùkùté tó kù la ó wá gé níbi ọrùn rẹ̀, ibi tí awọ ti hunjọ, láì fara kan ọrùn náà. Inú ọrùn yẹn ni ìwòsàn igi wà. Èyí tó burú jù ni bíbẹ́ orí igi pátápátá, bí a ti ń ṣe sí dóńgóyárò kiri ìlú. Ẹ̀ka tuntun á rú jáde lóòótọ́, yóò sì pọ̀, àmọ́ ara èèpo ló dì mú, kò ta gbòǹgbò sínú ìtì. Àwọn ni ìjì yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ sórí páànù.

Máńgòrò ní tirẹ̀ kò fẹ́ ayùn rárá ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, àsìkò tó ń tanná. Kó so tán, kí a jẹ ẹ́ tán, bí ó bá di Òkúdu kí a wá tún un ṣe.

Ilẹ̀ ìdí igi ńkọ́? Àwọn ìyá wa ń gbá ojúde mọ́ fínnífínní kí ejò má baà rí ibi sá sí, mo sì mọ iyì ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wọ agboolé àtijọ́, yóò rí ìpìlẹ̀ ilé tó ti yọ síta, àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ọmọdé kò ká mọ́. Ìgbálẹ̀ àti òjò ló jọ kó ilẹ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Koríko tó kúrú, tí a kò fá kan ilẹ̀ pupa, ìbáà ṣe gbégi lásán, ló ń di ilẹ̀ mú, pàápàá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn apakoríko kò mọ gbégi yàtọ̀ sí pàpásan. Gbogbo rẹ̀ ni yóò jó, ilẹ̀ á sì wà níhòòhò de àkọ́rọ̀. Àjọ NAFDAC tilẹ̀ ti fòfin de paraquat, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nítorí májèlé ni.

Sìmẹ́ńtì àti íńtàlọ́ọ̀kì la wá gbà pé ó jẹ́ ọ̀làjú. Ká ṣírò rẹ̀ wò. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn: bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mílímítà 50, omi tó bọ́ sínú ọgbà yẹn ju 23,000 lítà lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní 900. Níbi tí ilẹ̀ wà, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí òrùlé àti sìmẹ́ńtì bò látòkè délẹ̀, ẹnu géètì ni yóò gbà jáde, tòun ti omi ilé kejì àti ìkẹta, wọ inú ilé ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń da sìmẹ́ńtì kan ara igi. Gbòǹgbò ń mí, ó ń mu omi. Ó kéré tán, ká fi ààyè tí èèyàn lè na ara sí sílẹ̀ yí i ká, ká kó ewé tó rẹ̀ sí i dípò kí a máa sun ún síbẹ̀, nítorí iná ìdí igi a máa se èèpo rẹ̀ jinná láìsí ẹni tó mọ̀, títí igi yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ látòkè.

Bí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àgbálùmọ̀ ni mo fẹ́ gbìn. Igi ńlá ni í dà, nítorí náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri tàbí wáyà iná. Ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ ti ń wá níbí, bí igi bá sì wà níhà ibẹ̀, orí òrùlé ni yóò darí sí lọ́jọ́ tí ìjì bá ṣẹ́gun rẹ̀. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ló tọ́: yóò gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ dúró lára yàrá, ìjì á sì máa tì í kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹlòmíràn bá tiwa pààlà níhà yẹn. Òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá sọ̀rọ̀ kí n tó gbẹ́ ihò, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni igi náà yóò wó sí bó bá máa wó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni ìdajì àgbálùmọ̀ yóò máa jábọ́ sí.