Ta Ni Ó Ni Àṣírí Inú Háàdì-Díráìfù?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá gbé ẹrù rẹ̀ fún ọ pé kí o bá òun tún un ṣe, ṣé ó ti fún ọ láṣẹ láti wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ẹrù tí mo ń wí kì í ṣe àpótí aṣọ. Háàdì-díráìfù ni, èyí tí a máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó iṣẹ́, fọ́tò àti ohùn sí.

Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè wa yìí kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ọjà Alaba International wà ní Ọ̀jọ́, níbi tí a ti ń ta ẹ̀rọ tuntun àti àlòkù. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà nítòsí ọ̀nà Badagry, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì kún Ìyànà-Ìbá àti Òkòkómáìkò. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá bá tó, ẹ ó rí wọn ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n di háàdì-díráìfù mọ́wọ́, ojú wọn pọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ò rí i mọ́ o."

Nítorí tiwọn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Pé kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀ kò túmọ̀ sí pé ohun inú rẹ̀ ti ṣòfò. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ni a ń ká, òun ni a ń fà, òun ni a ń jù sínú àpò. Ẹ fi òmíràn dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sí ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà. Ihò USB 2 kò ju kí ó fúnni ní iná 500 milliamp, ti USB 3 sì jẹ́ 900. Háàdì-díráìfù kékeré tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ lè béèrè ju ohun tí ihò náà ní lọ, pàápàá bí ẹ bá gba orí ẹ̀rọ tí ń pín ihò kan sí mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi tí ó sì ní wáyà iná tirẹ̀, ẹ wò ó bóyá adápútà rẹ̀ ni ó jóná. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yín ni ó ń ṣàìsàn. Nínú Windows, ẹ ṣí Disk Management: nígbà mìíràn ẹ ó bá a níbẹ̀, lẹ́tà bíi D tàbí E ni kò ní. Bí ẹ bá fún un ní lẹ́tà, yóò jáde. Èyí tí a ti lò lórí kọ̀ǹpútà Apple sì lè kọ̀ láti ṣí lórí Windows láìbàjẹ́ rárá. Èdè wọn ni kò pọ̀ mọ́ra.

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú rẹ̀, ẹ pa á kíá, nítorí apá tí ń ka àwo inú rẹ̀ lè máa họ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó, ẹ má gbà. Ẹ̀rọ tí kò rí ìwé kà ni ó ń ní kí ẹ kó ìwé dànù.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, a ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀.

Àáfà àgbà kan kú ní Ìbá, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Tàfúsírì Ramadan ọdún púpọ̀ wà nínú háàdì-díráìfù rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò rí i mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kéú lọ́dọ̀ wa, tí ó ń fi títún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀, ó sì kó ohun inú rẹ̀ yọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn náà yè, ó ṣí ọ̀kan, ó ṣí èkejì. Ẹ̀kẹta kì í ṣe tàfúsírì. Tọkọtaya kan ni wọ́n ń rojọ́ níwájú àáfà, tí àáfà sì gbà á sílẹ̀ kí ohun tí wọ́n fẹnu kò sí má baà di àríyànjiyàn. Ọmọ náà mọ ohùn ìyàwó. Ó dá a dúró, ó sì wá bá mi: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀?"

Mo ní rárá, ohun tí ó ṣèèṣì gbọ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá fetí sí i dé òpin ni ọ̀rọ̀ ì bá yí padà.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ti fún ọ ní yàrá. Èmi kò gbà. Alágbàfọ̀ tí ó bá lẹ́tà nínú àpò ṣòkòtò lè yọ ọ́ kí omi má bà á jẹ́. Ta ni ó ní kí ó kà á? Dókítà ń rí ìhòòhò aláìsàn nítorí ìwòsàn, àwọn onímọ̀ fíkíhì sì ti là á yé wa pé ohun tí a yọ̀ǹda nítorí ìnira kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n ìnira náà. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, kí ni a ń tú bùbá sí?

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tí ń tún un ṣe kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun jẹ́ àfi bí ó bá ṣí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orúkọ, ọjọ́ àti ìwọ̀n ohun tí ó wà níbẹ̀ ń hàn láìṣí i. Bí ó bá sì di dandan láti ṣí, kí ẹlẹ́rù fúnra rẹ̀ wí pé "eléyìí ni kí o ṣí," kí ó sì jókòó tì í.

Òfin ìlú pàápàá kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, òfin tí a ṣe lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni sì tún jáde ní 2023. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tí ń jókòó ní ìsọ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bí ẹlẹ́rù bá jìnnà ńkọ́? Ní 2009, ètò Frontline ti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi hàn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Kánádà ṣe ra háàdì-díráìfù àlòkù ní Ghana, tí wọ́n sì bá ìwé àdéhùn iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà, nínú ọ̀kan. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń wọlé sí Èkó náà. Ẹni tí ó bá he owó, ẹ̀sìn wa ní kí ó mọ àpò rẹ̀ àti okùn tí a fi dì í, kí ó sì kéde rẹ̀ fún ọdún kan. Àṣírí ńkọ́? Kíkéde rẹ̀ gan-an ni bíbà á jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá bá àṣírí àjèjì nínú ẹ̀rọ àlòkù, kí ó pa á rẹ́ pátápátá. Kì í ṣe fọ́máàtì kíákíá, nítorí àkójọ orúkọ ni ìyẹn ń mú kúrò, ohun náà ṣì wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ òmíràn lé e lórí.

Ní ti ilé àáfà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ohun bàbá àwọn ni, àwọn sì ni àrólé. Mo bi í pé, bí bàbá rẹ̀ bá kú, tí owó tí ẹnì kan fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí, ṣé wọn yóò pín in? Ó ní rárá, wọn yóò dá a padà fún olówó. Ẹ̀rọ ni wọ́n jogún. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya yẹn jẹ́ àmánà. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà lọ bá ìyàwó náà, ó sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ó ku mọ́kànlá tí kò ní orúkọ, ọjọ́ nìkan ni a kọ sí wọn. Mo ní kí wọ́n pa wọ́n rẹ́ láìṣí wọn. Àbúrò wọn obìnrin ló wá sọ ohun tí ó mú mi dákẹ́: bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ni bàbá àwọn jẹ́wọ́ nínú ọ̀kan ńkọ́? Gbèsè ni a ń san kí a tó pín ogún, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí bàbá òun wà nínú sàréè pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Nítorí náà, a fẹnu kò sí i pé kí ẹnì kan gbọ́ wọn, ẹni tí kò mọ ohùn ará Ìbá kankan, kí ó máa fetí sí ọ̀rọ̀ gbèsè nìkan, kí ó sì pa ìyókù rẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ. Àáfà arúgbó kan láti Badagry ti gbà láti wá lọ́jọ́ Àlàmísì.