Ọmọ Ta Ni Ọ́?

Ní kùtùkùtù, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rí ọmọbìnrin kan lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì kan ní Ajah. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Báàgì ìwé ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi débi pé ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá dé, yóò gbé báàgì náà fún ẹni tó ni ín, ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, yóò sì padà sídìí abọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àgbàlagbà kì í rí ọmọ tí kò mọ̀ ládùúgbò kó má bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àyọjúràn. Ààbò ni. Lóòótọ́, a máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí, ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, n kò sì ní purọ́ pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ilé tí ọmọ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá lù ú ní ìlù bàrà, ẹbí yóò pé lé e lórí. Lónìí, ejẹ́ńtì ló ń kó wọn wá, láti Òkè-Ògùn, láti Kàlàbá, láti orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n á ní ọmọ máa kàwé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́ sápò ejẹ́ńtì. Mádàámù tó gbà á kò mọ ìlú rẹ̀, kò sì bèèrè.

Òfin ọdún 2015 tó lòdì sí kíkó èèyàn ṣòwò sọ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti òwò náà, ti wà láti 2003. Kódà, ní 1854, Kòsọ́kọ́, tó ti jọba Èkó rí, tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́, níhìn-ín nítòsí wa, pé òun jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló lé e débẹ̀. Ta ni yóò wá lé àwa tí a kàwé, tí a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí?

Àwọn ará abúlé ní Benin kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé, UNICEF sì tì wọ́n lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn kò ju ìbéèrè àwọn àgbà wa lọ: ọmọ ta nìyí, ta ló ń mú un lọ, ibo? Nígbà tó di 2006, òfin ilẹ̀ wọn sọ pé ẹni tí kì í ṣe òbí kò gbọdọ̀ mú ọmọ rìnrìn àjò láìgba ìwé àṣẹ.

Ní Ajah, a ní Baálẹ̀, a ní ẹgbẹ́ onílé, a ní àwọn awakọ̀ tó ń já àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ lábẹ́ bíríìjì. Ní ìpàdé onílé tiwa, owó máigádì àti ọ̀rọ̀ gọ́tà la máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó tíì bèèrè iye ọmọ ọlọ́mọ tó wà lẹ́yìn géètì wa. Èmi náà kò bèèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ti ọmọ yẹn. Mo ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó dárúkọ mádàámù rẹ̀. Mo ní rárá o, ìyá tó bí ọ ni mò ń bèèrè. Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo géètì, kó tó rọra dárúkọ rẹ̀.