Ẹyẹ Tí Ó Ń Jí Òkú: Ṣé Àlọ́ Ni Tàbí Irọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ilé kéwú wa ní Vom níhìn-ín tí a kò lè fi sílẹ̀ láìsọ. Ọmọdébìnrin kan tí a sin ìyá bàbá rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú nawọ́ sókè, ó sì bi Àáfà léèrè bóyá ẹyẹ tí ó ń jí òkú mọ ọ̀nà Vom. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Àáfà kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ibi tí ẹyẹ náà ti fò wá. Inú fíìmù Aníkúlápó ni, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wo Àjàní Ògún ní ọdún 1976 yóò rántí bàbá rẹ̀, Adé Afọláyan tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love. Àlọ́ àtijọ́ ni wọ́n gbé fíìmù náà kà. Sàró, ọkùnrin ahunṣọ kan, wọ ìlú Ọ̀yọ́, ó fẹ́ Arọ́lákẹ́ tí í ṣe aya ọba ní ìkọ̀kọ̀, àṣírí tú, wọ́n sì pa á. Ẹyẹ àkàlà jí i. Àdó tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú bọ́ sí ọwọ́ Sàró àti Arọ́lákẹ́, Sàró sì ń fi jí òkú nílùú mìíràn, títí ó fi di Aníkúlápó, ẹni tí ikú wà nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún òun kí òun tó jí i. Kò mọ̀ pé Arọ́lákẹ́, tí ó ti fi ojú pọ́n, ti mú agbára kúrò nínú àdó náà kí ó tó bá tirẹ̀ lọ.

Àáfà ní kí gbogbo òbí gba fíìmù yìí lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ó ní Ọlọ́hun nìkan ni ó ń sọni di alààyè, tí ó sì ń pani. Ta ni yóò já a níyàn? Ànábì Ìsà jí òkú, ṣùgbọ́n Alùkùránì fi yé wa pé pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun ni. Nínú Sùrátù Bákárà, Ànábì Ibrahim rí ẹyẹ mẹ́rin tí wọ́n ti kú tí wọ́n sì fò padà wá. Níbẹ̀, ẹyẹ ni a jí. Nínú fíìmù, ẹyẹ ni ó ń jíni. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì lè dá a rí.

Síbẹ̀ a kò gbà pé irọ́ ni àlọ́. Àwọn ìyá wa tí wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá fún wa kì í ṣe òpùrọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lọ bá ahun nínú igbó pé kí ó sọ̀rọ̀. Kí ni ìdí? Ìyá á kọ́kọ́ ké pé, “Àlọ́ o!” Àwa náà á dáhùn pé, “Àlọ̀!” Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń sọ àti ẹni tí ń gbọ́ ti jọ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Òpùrọ́ kì í ké sí ni bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni pé kí o gba tirẹ̀ ní òótọ́.

Fíìmù kì í ké “Àlọ́ o” fún ọmọdé. Aṣọ ibẹ̀ jọ aṣọ, igbó jọ igbó, àkàlà náà ní ìyẹ́. Àgbàlagbà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà nídìí ẹ̀. Ọmọ tí ó nìkan jókòó ti fóònù ìyá rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò sọ fún un. (Ìhòòhò àti àgbèrè tí ó wà nínú rẹ̀ tó láti mú un kúrò níwájú ọmọdé, a kò bá Àáfà jiyàn lórí ìyẹn rárá.)

Ìtàn tí a kò pè ní àlọ́ ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ní ọdún 2010, nígbà ìjà Jos, àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti ru àwọn ènìyàn sókè sí ara wọn. Kò sí ẹyẹ tí ń jí òkú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ó jọ òótọ́ gan-an, a sì mọ iye ilé tí ó di ahoro títí dé ẹ̀gbẹ́ wa ní Kuru.

Bí a bá sì gba àlọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré níta. Ẹnu ìtàn yẹn ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ gbọ́ “ahunṣọ” àti “àdó”. Kì í ṣe pé kò mọ ikú: láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti wà ní Vom, ọmọ ibí sì mọ̀ pé kí àrùn tó dé ni a ń fún adìẹ ní oògùn àjẹsára, èyí tí ó bá ti kú, ó kú nìyẹn. Ó mọ̀. Ìyá àgbà ni ó ń wá.

Ohun tí a sọ fún Àáfà nìyí, tí a sì rán an létí pé Ànábì Ibrahim náà béèrè. Kì í ṣe pé kò gbàgbọ́, ó fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ ni. Àáfà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó pe ọmọ náà mọ́ra, ó sì sọ ìtàn àwọn ẹyẹ mẹ́rin náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé àkàlà wà nínú wọn.

Àáfà ní òun kò mọ̀.