Ǹjẹ́ Inú Rere Ọ̀gá Tó?

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀." Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, a sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kò rò ó jinlẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí a lọ wo àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a rí ní ọjọ́ náà, àti ìbéèrè tí ó bá wa dé ilé, ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Ìbéèrè náà nìyí: Bí ọ̀gá bá ń bọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ yó, tí ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí ó sì ń kọ́ ọ ní ìwé, ǹjẹ́ ó ti san gbogbo gbèsè tí ó jẹ ẹ́ tán?

Mẹ́rin ni wá, olùkọ́ sì ni gbogbo wa. Ní òwúrọ̀, a kọ́kọ́ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Liverpool bọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ní 1830 ni ilé náà wà. Nínú gbogbo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí a kọ́ fún èrò láyé, èyí ni ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ó ṣì dúró. Òwú ni ó sọ Manchester di ìlú ńlá. Nítorí náà ẹ̀rọ òwú pọ̀ nínú ilé náà: èyí tí ń ya òwú, èyí tí ń ran án, àti èyí tí ń hun ún di aṣọ. Ní ilẹ̀ wa, ìyá àgbà a máa fi ìrànwú ran fọ́nrán kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mule a máa ran ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́nrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin kan àti àwọn ọmọdé díẹ̀ a sì máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí olùtọ́jú ilé tan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ilẹ̀ mì tìtì, ariwo gba gbogbo ilé kan, a kò sì gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Nígbà tí ó pa á, a pàtẹ́wọ́. Ọgbọ́n orí ọmọ ènìyàn yà wá lẹ́nu, inú wa sì dùn gidigidi.

Ní ọ̀sán, a wọ ọkọ̀ lọ sí Styal, ìletò kan tí ó tó nǹkan bí máìlì 10 sí ìhà gúúsù Manchester. Níbẹ̀, ní etí odò Bollin, ni Samuel Greg kọ́ ilé ìrànwú tí a ń pè ní Quarry Bank sí ní 1784. Omi odò náà ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá kan, kẹ̀kẹ́ ńlá náà ni ó sì ń yí àwọn ẹ̀rọ. Ní 1939, ìdílé Greg fi ilé náà lé National Trust lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́. Igi pọ̀ níbẹ̀, odò ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òdòdó sì kún inú ọgbà. Bí a bá mú àlejò kan wá láìsọ ohunkóhun fún un, yóò wí pé ibi ìsinmi àwọn ọlọ́lá ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò létí odò tí a gòkè díẹ̀, a dé ilé funfun kan tí a kọ́ ní 1790. Ilé àwọn ọmọ-iṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ aláìní, tí òmíràn nínú wọn jẹ́ aláìlóbìí, ni a ń kó wá síbẹ̀ láti ilé tí a ń kó àwọn tálákà sí ní ìlú wọn, àní láti Liverpool àti London. Òmíràn kò ju ọmọ ọdún 9 tàbí 10 lọ. Nígbà tí ilé náà kún, nǹkan bí ọmọ 90 ni ó ń gbé inú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì pọ̀ ju ọmọkùnrin lọ. Ìwé àdéhùn ni ó dè wọ́n mọ́ ọ̀gá títí wọn yóò fi dàgbà. Nǹkan bí wákàtí 12 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, fún ọjọ́ 6 ní ọ̀sẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń rí gbà fún un ni oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ọ̀gá yìí. Kì í ṣe òǹrorò. Ní Litton, ní ilẹ̀ Derbyshire, ọmọ-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Robert Blincoe rí ìyà, ìnà àti ebi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ti Styal kò rí bẹ́ẹ̀. Greg gba dókítà kan, Peter Holland, láti máa wo àwọn ọmọ náà. Ọgbà ẹ̀fọ́ wà lẹ́bàá ilé wọn. Hannah, ìyàwó Greg, fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ wọn, a sì ń kọ́ wọn ní ìwé lẹ́yìn iṣẹ́. Ta ni nínú wa tí kì yóò yin irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀? Àwa pẹ̀lú ti ń yìn ín, títí a fi gbọ́ ìtàn àwọn ọmọkùnrin méjì kan.

Orúkọ wọn ni Thomas Priestley, ọmọ ọdún 13, àti Joseph Sefton, ọmọ ọdún 17. Ní 1806, wọ́n sá kúrò ní Styal, wọ́n sì forí lé London, ọ̀nà tí ó ju máìlì 150 lọ. Nígbà tí a mú wọn dé iwájú àwọn adájọ́, a bi wọ́n léèrè bí nǹkan ti rí ní ilé ọ̀gá wọn, a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Sefton jẹ́wọ́ pé ilé mọ́, ibùsùn sì dára. Priestley sọ bí ẹ̀rọ ti gé ìka ọwọ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n wá sá fún? Wọ́n ní ìyá àwọn ni àwọn fẹ́ rí.

Nígbà tí a gbọ́ èyí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Ìwé ilé ẹjọ́ ni ó pa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ títí di òní. Àwọn tí kò sá ńkọ́? Àwọn tí ń rá kòrò lábẹ́ ẹ̀rọ láti kó èérún òwú, nígbà tí ẹ̀rọ kò dúró dè wọ́n? Ìyá wọn kò gbọ́. A rántí pé ní òwúrọ̀ a ti pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ; kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó béèrè ọwọ́ ọmọ ta ni ó wà nídìí rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ìbá burú fún àwọn ọmọ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé àwọn tálákà." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fa ọmọ yọ nínú kànga kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di olówó ọmọ náà. Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn, wọn kò mọ̀." Àwa kò gbà. Ní 1802 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ti ṣe òfin pé kí ọmọ-iṣẹ́ má ṣe ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́; ní 1833 wọ́n tún ṣòfin pé kí a má ṣe gba ọmọ tí kò tó ọdún 9 sí ọ̀pọ̀ ilé ìrànwú, wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa lọ yẹ àwọn ilé iṣẹ́ náà wò. A kì í ṣòfin lórí ohun tí a kò mọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ Greg fúnra wọn kò rá lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá yẹ kí a kó ẹrù tí ọmọ ẹni kò gbọdọ̀ rù lé ọmọ ẹlòmíràn lórí?

Ohun mìíràn tún ń bẹ. Ìdílé Greg yìí kan náà ni ó ní oko ìrèké ní Dominica, erékùṣù kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Índíà, níbi tí àwọn ẹrú, ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ọkàn kan náà, òṣùwọ̀n méjì! Ní Styal, ojú ọ̀gá tó ọmọ-iṣẹ́, nítorí náà ó pe dókítà fún un. Ní Dominica, òkun wà láàrin. Òwú pàápàá kò yàtọ̀: kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ohun tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òwú tí ó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ti Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ ẹrú ni ó sì ń ká èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Níbí ni a ti rí àléébù inú rere: ibi tí ojú dé ni ó ń dé. Inú rere sì jẹ́ ti ẹni tí ń ṣe é. Bí inú rẹ̀ bá yí padà, ó lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ jẹ́ ti ẹni tí a ń ṣe é fún. Bí ojú ọ̀gá tó o, bí kò tó o, tirẹ̀ ni.

Kí á má ṣe rò pé ti àwọn òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí 1850 ni Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ará Manchester, ti gbìyànjú kí òwú Abẹ́òkúta máa lọ sí Manchester; a tilẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìrètí wọn ni pé òwò òwú yóò lé òwò ẹrú lọ. Ìrètí rere ni. Síbẹ̀, ní oko àwọn ọlọ́lá wa nígbà náà, ẹrú àti ìwọ̀fà wà lára àwọn tí ń ro oko. Àwọn baba wa mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́: ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín gbèsè kù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ọmọbìnrin kan ń bẹ ní ilé mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ìyá rẹ̀ fà á lé ìyàwó mi lọ́wọ́ kí ó lè kàwé. Ó ń jẹun, ó ń wọṣọ, ó ń lọ sí ilé ìwé. Èmi a sì máa sọ fún àwọn ènìyàn pé èmi ni mo là á. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń kọ́kọ́ jí ní ilé wa, òun ni ó sì ń sùn kẹ́yìn. Ó di ọdún méjì báyìí, n kò bi í léèrè rí bóyá ó fẹ́ rí ìyá rẹ̀."

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú rere ni ẹ fi ṣe é."

Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni Greg náà ìbá wí."

Ẹ̀yin ará, nínú àwa mẹ́rin, ẹni mẹ́ta ni ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ilé ìdáná. A ń ka oúnjẹ tí a fún ọmọ sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀, a kì í sì í ka omi tí ó pọn mọ́ ọn lára. Òmíràn nínú wa a tilẹ̀ máa na ọmọ ní kíláàsì pé ó ń tòògbé, láìbéèrè ìgbà tí ó jí.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ kí a ṣe? A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá má mọ ìwé bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan gbà wá sílé. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ mo lè fi iṣẹ́ yìí rán ọmọ tí mo bí, ní wákàtí yìí kan náà? Ǹjẹ́ ọmọ yìí ń rí ìyá rẹ̀? Ǹjẹ́ ó lè wí fún mi pé, "Ó rẹ̀ mí," kí àyà rẹ̀ má sì já? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, inú rere wa kò ì tíì tó. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin náà yóò di ọ̀gá lọ́la. Ẹ pa ìbéèrè wọ̀nyí mọ́ de ọjọ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n wa tẹ ilé rẹ̀ láago, ó sì ní kí wọ́n pe ọmọ náà. A gbọ́ tí ó bi í pé, "Ṣé o fẹ́ lọ kí ìyá rẹ?" Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á láti wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ́ ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wa bí ẹni tí ó ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀, nítorí pé ọmọ ni síbẹ̀.