Ìgbàgbọ́ Tí A Gbà àti Èyí Tí A Ó Fi Lé Ọmọ Lọ́wọ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ bí a bá ti jáde ìsìn òwúrọ̀, èyí nì pé ayé òde òní ti le jù fún ìgbàgbọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ kì í wo Bíbélì bí wọ́n ti ń wo fóònù. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn tí ó re òkè-òkun kò ya ilé-ìsìn mọ́. Àwa kò ní jiyàn pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè pé, ìgbà wo ni ayé tilẹ̀ rọrùn fún ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa yìí?

Ẹ rántí Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. A gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, a sì mú un lọ sí Sàró, níbi tí ó gbé di onígbàgbọ́. Ní 1843 ni ó gba oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Bí ó bá ṣe pé ẹlòmíràn nínú wa ni, bóyá lọ́jọ́ kejì gan-an ni à bá ti fa ìyá àgbà lọ sí ibi omi ìsàmì! Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1848 ni a tó ṣàmì fún un, tí a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Hánà. Láàrin àkókò náà, a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí òun tìkára rẹ̀ ti fi rẹ Àjàyí lẹ́kún nígbà èwe.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Mélòó nínú àwa tí a kàwé ni ó lè jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó sì sọ fún un ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, ìdí tí òun fi gba Kristi gbọ́? À ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n à ń kà á bí ọmọ iléèwé ti ń ka ìsodipúpọ̀, ẹnu ń lọ, ọkàn ń sùn. Bí ọmọ bá wá bi wá pé, kí ni ṣe tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí ọmọ aládùúgbò kú ní ilé-ìwòsàn nígbà tí gbogbo ìjọ gbàdúrà fún un, a ó ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ìbéèrè tí a lé jáde nínú ilé, ìta ni yóò ti rí ìdáhùn. Ó sàn kí a sọ fún ọmọ náà pé ọkàn tiwa pẹ̀lú gbọgbẹ́, kí a sì mú un lọ sí ẹsẹ̀ àgbélébùú, níbi tí Ọmọ Ọlọ́run pàápàá ti ké.

Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A kó àwọn ilé-ìsìn, a sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Àwọn onígbàgbọ́ kan sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Àwọn mìíràn dúró. Àwọn tí ó dúró kò ní òyìnbó kan tí wọn yóò sá tọ̀ lọ. Ohun tí ó ti wọ inú wọn nìkan ni ó kù fún wọn.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí àwa ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù. A ó rí ìwé pé kí a fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìbùkún yóò fò wá. Èyí kì í ṣe ìwàásù. Ọfọ̀ ni, tí a wọ̀ láṣọ ìgbàgbọ́. Bí aládùúgbò wa, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kò ní ẹ̀sìn, bá mọ̀ pé irọ́ ni a fi ránṣẹ́ ní àná, báwo ni yóò ti gbà wá gbọ́ ní ọ̀la, nígbà tí a bá ń sọ pé Jésù jíǹde?

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ̀yin ni ẹ ń gbàdúrà níwájú àwọn ọmọ ní òwúrọ̀. Bí olùkọ́ kan náà bá kọ ìdáhùn sí ojú pátákó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọ̀sán, ìwàásù méjì ni àwọn ọmọ ti gbọ́ ní ọjọ́ kan, a sì mọ èyí tí wọn yóò rántí. Kò rọrùn láti kọ̀. Ọmọ tí ó bá kùnà yóò bínú. Àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìjọ wa, tí wọ́n sì ti san owó, yóò wá bá olùkọ́ náà jà. Ọ̀gá iléèwé lè ní kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ gbogbo pé, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè wọn, kí wọn má ṣe fi olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí wọn bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí náà ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọn sì jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.