Ọpẹ́ Lẹ́nu Ẹni Tí Ó Ti Sanwó

Bí ènìyàn bá ra oúnjẹ, tí ó sì san owó rẹ̀ pé pérépéré, ǹjẹ́ ó tún jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọpẹ́? Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí ìbéèrè yìí, yóò sì wí pé ọ̀rọ̀ tí kò tó ọ̀rọ̀ ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má ì tíì dájọ́. Ní ibi tí gbogbo nǹkan ti ní iye tirẹ̀, ìbéèrè náà a máa fara sin, ṣùgbọ́n kò kú. Bí a bá sì ti dáhùn rẹ̀ ni a ó ṣe máa wo ẹni tí ń sè fún wa, ẹni tí ń gbìn fún wa, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ìbéèrè náà ti dì mọ́ mi, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Narita, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí ìlú Tokyo ní apá ìlà-oòrùn. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilẹ̀ náà nítorí èdè wọn tí mò ń kọ́. Ó ku wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ wa gbéra, ebi sì ń pa èmi àti ẹnìkejì mi, ọmọ Yorùbá bí tèmi, ẹni tí ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, tí mo sì ń pè ní Bọ̀dá. Ìmọ̀ ètò owó ni òun ń kọ́, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé èyí kò ṣàìhàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé oúnjẹ tí a wọ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àpótí, àwòrán oúnjẹ wà lára rẹ̀. Ẹ ó fi owó sí i, ẹ ó tẹ èyí tí ẹ fẹ́, yóò pọ ìwé pélébé kan jáde, ẹ ó sì fi ìwé náà lé alásè lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké ní ilẹ̀ wọn. Kò sí ìdúnàádúrà, kò sí "ẹ bá mi dín in kù", kò sí "ẹ fi ẹran kan sí i". Udon ni mo yàn: okùn ìyẹ̀fun àlìkámà, funfun, tí nínípọn rẹ̀ ju okùn bàtà lọ, nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná tí a fi ewéko inú òkun àti ẹja gbígbẹ sè. Ẹja náà, tí wọ́n ń pè ní katsuobushi, a máa le bí igi, débi pé wọ́n ní láti fá a pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí káfíńtà ti í fá pákó. Ẹni tí ó bá mọ òórùn ẹja yíyan nínú ọbẹ̀ ilé wa kò lè sọ pé àjèjì ni òun nídìí àwo yẹn. Àwọn tí ó yí wa ká ń fa oúnjẹ náà sẹ́nu ṣòòròṣò, kò sì sí ẹni tí ó bojú wo ẹnìkejì rẹ̀, nítorí pé ariwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo pa ọwọ́ pọ̀, mo tẹ orí ba díẹ̀, mo sì wí pé "Itadakimasu," gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Bọ̀dá gbé ojú sókè.

"Àbúrò, ta lo ń kí?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó jẹun ni, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀. Mo ní ta lo ń kí? Ṣé ẹ̀rọ tó gba owó wa ni? A ti sanwó kí a tó jókòó pàápàá."

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, sà," ni mo wí, nítorí pé èsì tí ó bá péye kì í bá ebi gbé inú kan náà.

Ẹni tí ń kọ́ èdè ní àrùn kan: bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, inú ọ̀rọ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ sá wọ̀. Itadakimasu wá láti ara itadaku, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ fún gbígbà. Itadaki sì ni ṣóńṣó òkè, ibi tí ó ga jù lọ. Ìtumọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kí a gbé nǹkan lé orí, bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú lọ ti í gbé e ga kí ó tó mú un lọ. Àwa náà mọ ìṣe yìí. Ẹ wo àgbàlagbà tí a fún ní obì nílé wa: kò ní í sọ ọ́ sápò bí ẹni gba ṣéńjì, yóò fi kan orí, yóò wúre, kí ó tó pa á. Ẹni tí ó fi nǹkan kan orí ti jẹ́wọ́ pé ibi tí nǹkan náà ti wá ju òun lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ, tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Gochisōsama deshita. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, ó ku chisō. Àmì ìkọ̀wé méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, méjèèjì ni ó sì ní eré sísá nínú: èkíní jẹ mọ́ eré ẹṣin, èkejì jẹ mọ́ eré ẹsẹ̀. Báwo ni eré ṣe di oúnjẹ? Ẹni tí ó fẹ́ ṣe àlejò ní láti sá sókè sódò, kí ó wá ẹja, kí ó wá ewébẹ̀, kí ó wá igi ìdáná. Adùn ọbẹ̀ kọ́ ni alájẹ ń yìn; eré tí a sá nítorí rẹ̀ ni ó ń kí.

Nígbà tí mo ronú dé ibẹ̀ ni mo rántí ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tí ó ṣe àpèjẹ nílé wa: "Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára." Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ọ́ bí ẹni ń mí. Ẹ jẹ́ kí á dúró tì í díẹ̀. Àwọn tí ó dá kíkí yìí sílẹ̀ mọ̀ pé nǹkan méjì ni olóde ná: ó ná owó, ó sì ná ara. Wọn kò pò wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá fún un ní owó ti ràn án lọ́wọ́ ní ti ìnáwó. Ṣùgbọ́n òru tí a kò fi ojú kan oorun, tí a fi ń ṣa ìrẹsì, èéfín tí ó wọ obìnrin lójú, ẹsẹ̀ tí ó wú, kí ni a ó fi san án? Kíkí ni a ń kí i.

Èyí ni mo sọ fún Bọ̀dá nígbà tí a jẹun tán. Ó gbọ́ mi dé òpin, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ó ní: "Àbúrò, o gbàgbé pé ibi àpèjẹ ni wọ́n ti ń kí ìnára. Àwọn tí à ń kí níbẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Obìnrin tó se èyí ń gba owó oṣù. Ara tó ná, wọ́n ti san án fún un. Bí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó, ọpẹ́ rẹ kò lè fi kún un."

Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun láàrin àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn. Ní 2005, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, Ei Rokusuke, ka lẹ́tà kan tí ó dá awuyewuye sílẹ̀: ìyá kan ti sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má ṣe mú ọmọ òun wí Itadakimasu mọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé òun ń san owó oúnjẹ náà. (Ei yìí kan náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin 1961 kan tí àwọn òyìnbó sọ ní Sukiyaki, orúkọ ẹran sísè, bẹ́ẹ̀ ni orin náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹran tàbí ọbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè a máa rò pé oúnjẹ nìkan ni a lè fi mọ ènìyàn.) Ọ̀pọ̀ bínú sí ìyá náà. Èmi kò bínú sí i, nítorí pé ó sọ ohun tí púpọ̀ nínú wa ń hù níwà láìsọ ọ́ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti àwo síwájú ìyá olóúnjẹ, tí kò wò ó lójú, tí kò kí i, ẹ bi í léèrè. Èsì kan náà ni yóò fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, bí ẹ bá fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì lé iye tí wọ́n pè, kí ó lè jẹ́ ti ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá, ó ṣeé ṣe kí ó sáré tẹ̀lé yín jáde láti dá a padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wí Gochisōsama bí ẹ ti ń jáde, alásè yóò dáhùn láti ìdí ìkòkò rẹ̀. Owó tí ó lé, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó lé, wọ́n gbà á. Lójú wọn, nígbà náà, ohun kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó, owó mìíràn kọ́ sì ni ohun náà. Lọ́jà tiwa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà sọ ọ́. Oní-gàárì a fi kóńgò wọn ọjà rẹ̀, owó a ti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Síbẹ̀ oníbàárà kò ní í lọ títí tí yóò fi gba èènì. Kí ni èènì? Kì í ṣe ẹ̀dínwó, nítorí pé a ti fẹnu kò lórí iye. Kì í ṣe ọrẹ, nítorí pé a máa ń bèèrè rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rí ni, pé ènìyàn ni ó tà, ènìyàn ni ó sì rà. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà kò lè fún ni ní èènì.

Nítorí náà èsì mi sí Bọ̀dá nìyí. Owó oṣù ra wákàtí obìnrin náà, mo gbà. Ó ra wíwá rẹ̀ síbi iṣẹ́ àti ìdúró rẹ̀ nídìí iná. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni yóò gbà bí ó bá rọra gbé àwo kalẹ̀ tàbí bí ó bá jù ú kalẹ̀. Ohun tí ó wà láàrin méjèèjì dé ọ̀dọ̀ mi, kò sì sí nínú iye tí ẹ̀rọ gbà.

Òwe kan wà tí n kò fẹ́ràn nínú ọ̀ràn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ni ó pa á: pé ẹni tí ó dúpẹ́ oore àná yóò gba òmíràn. Ó sọ ọpẹ́ di owó àsansílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọ̀la ni a ṣe ń dúpẹ́, Bọ̀dá ti borí mi, nítorí pé èmi àti alásè yẹn kò tún ní í rí ara wa mọ́. Kò sí oníbàárà ní pápá ọkọ̀ òfurufú, èrò ọ̀nà ni gbogbo wa. Ibẹ̀ gan-an ni a sì ti lè mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni à ń dá tàbí òwò ni à ń ṣe.

Ìbá tán síbẹ̀, bí kò bá ṣe ti ilẹ̀ tí a jókòó lé.

Ilẹ̀ oko ni Narita tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn aláìní tí púpọ̀ nínú wọn padà bọ̀ láti Manchuria gba apá kan nínú pápá ẹran ọba tí ó wà ní Sanrizuka, wọ́n fi ọwọ́ ṣán an, wọ́n sọ ọ́ di oko. Ẹ̀pà ni agbègbè Chiba yẹn fi lókìkí ní Jàpáànù títí di òní. Ní oṣù keje ọdún 1966, ìjọba pinnu pé ibẹ̀ ni a ó kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú sí. Wọn kò bi àwọn olóko léèrè kí wọ́n tó pinnu. Owó ni wọ́n kó wá. Ọ̀pọ̀ gbà á, wọ́n kó lọ. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ àwọn kì í ṣe títà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, irú wa, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n de ara wọn mọ́ igi. Ní oṣù kẹsàn-án 1971, ọlọ́pàá mẹ́ta kú nínú ìjà náà, a sì rí ẹni tí ó kú ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú kí ó tó rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1978, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣí pápá náà, àwọn alátakò já wọ ilé gogoro tí a ti ń darí ọkọ̀, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ni ó tó ṣeé ṣí.

Ọ̀rọ̀ tí ìjọba sọ fún àwọn olóko kò yàtọ̀ sí ti ìyá ọlọ́mọ yẹn: a ti sanwó. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo ń gbèjà láti òkè wá, ǹjẹ́ ó ṣeé lò níbí? Ṣé kí n kí àwọn olóko náà kú ìnára? Ṣé kí n wí Itadakimasu lórí ohun tí a fi ọlọ́pàá gbà? Ọpẹ́ fún ohun tí onínǹkan kò fi tinútinú yọ̀ǹda kò jìnnà sí ẹ̀gàn. Olè tí ó yíjú padà kí onílé pé ó ṣeun kò dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ibẹ̀ ń fẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn oúnjẹ. Bí ẹnìkan bá dé ẹnu ọ̀nà onílé nílẹ̀ wa, "Àgò o" ni yóò kọ́kọ́ wí, yóò sì dúró títí onílé yóò fi wí pé "Àgò yà." Onílé lè má dáhùn. Ohun tí ó mú kí àgò wúwo nìyẹn: ẹni tí ó kí i ti gbà pé wọ́n lè sọ pé kí òun má wọlé. Ìjiyàn èmi àti Bọ̀dá kò dé ibẹ̀. Ohun tí ó yẹ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí ni àwa ń jà sí.

Ní 1991 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní gbangba pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn olóko, ní 1995 sì ni olórí ìjọba, Murayama Tomiichi, tọrọ àforíjì. Àgò tí a kí nígbà tí a ti sùn sí yàrá fún ọdún mẹ́tàdínlógún ni. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó sàn ju ìdákẹ́ lọ, àwọn kan sì gbà á. Àwọn kan kò gbà. Nígbà tí a ṣí ojú ọ̀nà kejì tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní 2002, mítà 2,180 ni gígùn rẹ̀ dípò 2,500 tí wọ́n ti pète, nítorí ilẹ̀ tí wọn kò rí gbà. 2009 ni wọ́n tó fà á gùn sí ìhà àríwá. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà rìn lọ síbẹ̀ sì tẹ̀ kọrọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé oko kan wà níwájú rẹ̀, tí olóko ń gbin ewébẹ̀ sí, tí kò gbà láti fi í sílẹ̀.