Ère Ìbejì Lórí Gbàǹjo Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Ó Ni Ohun Tí À Ń Tà?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Minna àti agbègbè rẹ̀, gbàǹjo kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí ọkọ̀ ìjọba bá gbó, wọ́n a máa lù ú ní gbàǹjo. Bí a bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu kan ṣoṣo lè gba owó tí a fi ń ra ọgọ́rùn-ún iṣu lọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe iṣu ni à ń díye lé. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń rà á ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irú gbàǹjo mìíràn ti dé tí kò ní agogo, tí kò ní alága, tí olùtà kò sì ní rí ojú olùrà.

Ní ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá ọjà eBay sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan tí ó ti bàjẹ́. Dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ni ẹnì kan rà á. Nígbà tí Omidyar béèrè bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, onítọ̀hún ní irú rẹ̀ ni òun ń ṣà jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà àwọn olùṣàjọ rí. Olùtà yóò ya fọ́tò, yóò dá ọjọ́, àwọn olùrà yóò máa fi owó lé owó láti ibikíbi lágbàáyé, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù lọ nígbà tí àkókò bá pé ni yóò gbé ọjà. Wọ́n ń ta sítáǹbù àtijọ́, owó ẹyọ àtijọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti agọ̀ eégún. Wọ́n sì ń ta ère ìbejì.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sí ìlú yìí lè má mọ bí ère ìbejì ṣe ń wá. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ láyé, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn òbí yóò bi Ifá léèrè, wọn yóò sì lọ bá agbẹ́gilére. Ìyá yóò máa wẹ ère náà, yóò máa fi osùn pa á lára, yóò máa fún un lóúnjẹ, yóò sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, imú àti ojú rẹ̀ á ti jẹ nítorí ọwọ́ tí ń pa á lójoojúmọ́.

Ojú tí ó jẹ yìí gan-an ni àwọn olùrà ń wá. Bí ó bá ti jẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà pé ojúlówó ni, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè. Àwọn ayédèrú náà mọ̀ ọ́n: wọn yóò gbẹ́ tuntun, wọn yóò fi epo àti èéfín sọ ọ́ di dúdú, wọn yóò sì ha ojú rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé ìyá kan ti sunkún lé e lórí. Tẹ̀mí ni pé ìbànújẹ́ obìnrin kan ni à ń fi owó lé níbẹ̀, yálà òótọ́ ni tàbí àfarawé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹni tí ó fẹ́ tà. Yóò ní: “Ìyá mi àgbà ni ó ni ín, èmi ni mo jogún un. Ẹ̀sìn mi kò fọwọ́ sí i. Ikán ń jẹ ẹ́ nínú àpótí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti fẹ́ fi dáná. Ṣé kò sàn kí ẹni tí yóò gbé e sínú dígí rà á, kí n fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwa fúnra wa ni a kó ọ̀pọ̀ ère wọ̀nyí dà sí ààtàn, tí a fi iná sí òmíràn nígbà tí a gba ẹ̀sìn tuntun. Èmi kò ní pe ẹni tí ó ṣa ohun tí a sọ nù ní olè.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni “èmi ni mo jogún un.” Ẹ wo ilẹ̀ ìdílé. Nínú àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ pàápàá gbà, ọmọ kan kò lè dá a tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé níbẹ̀. Kí ni ó wá mú kí ère rọrùn ju ilẹ̀ lọ? Kìkì pé ó wọ inú báàgì ni.

Kì í ṣe pé títa nǹkan àtijọ́ burú. Ní ìpínlẹ̀ Niger wa níhìn-ín, àwọn Núpé ní Bida ń rọ idẹ, wọ́n sì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí fún títà láti ayébáyé. Ní Suleja, tí ń jẹ́ Abuja nígbà náà, Ladi Kwali mọ ìkòkò ní ilé iṣẹ́ tí Michael Cardew dá sílẹ̀; òun náà ni àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Bí wọ́n bá lu ìkòkò rẹ̀ ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, inú mi a dùn, nítorí ẹni tí ó mọ ọ́n mọ̀ pé ọjà ni. Ta ni ó bi ìyá ìbejì bóyá ọjà ni tirẹ̀?

Òfin náà kò dákẹ́. Òfin 77 ti ọdún 1979 tí ó dá àjọ mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀ sọ pé ẹni tí àjọ náà kò fún ní àṣẹ kò gbọdọ̀ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, a kò sì gbọdọ̀ kó o jáde láìgba ìwé. Ohun tí a ti lò fún ètùtù àti ìṣe àbáláyé wà lára ohun tí òfin náà kà sí ìṣẹ̀ǹbáyé. Facebook náà fòfin de títa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020 yẹn kan náà, Christie's lu ère Ìgbò méjì ní gbàǹjo ní Paris. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chika Okeke-Agulu ti Princeton pariwo pé àkókò ogun Biafra ni wọ́n kó wọn lọ. Ilé gbàǹjo ní títà náà bá òfin mu. Ẹnì kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì rà wọ́n ní yúrò 212,500. Ó ṣeé ṣe kí ìwé wọn pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé máa ń sọ ẹni tí ó tà fún ẹni tí ó rà. Kì í sábà sọ ojúbọ tí ère ti kúrò, tàbí ẹni tí ebi ogun ń pa nígbà tí alágbàtà kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo ìkéde ère ìbejì lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹ óo rí íǹṣì gíga rẹ̀ àti iye ilẹ̀kẹ̀ tí ó kù ní ìdí rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí a gbẹ́ ẹ fún kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ agboolé. Ẹni tí àpótí ìyá àgbà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbé fóònù láti ya fọ́tò. Kí ó pe ẹbí jọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, mùsíọ́mù wà. Ti Èsìẹ́ ní Kwara, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, kò jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí ó sì wádìí ohun kan tí àwa ọkùnrin kì í sábà rántí. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú ìbejì náà kò kú. Bí ó bá jẹ́ Táyé ni wọ́n gbẹ́ ère fún, Kẹ́hìndé lè ṣì jókòó ní ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn, arúgbó tí ojú ń dùn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi ní nǹkan kan.